Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Bátìrì Ọkọ̀ Nílé, àti Bí A Ṣe Ń Yan Tuntun

Mo mọ̀ pé inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkọ̀tún ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti jáde wá síbí, oúnjẹ alẹ́ sì ń dúró de yín nílé. N kò ní fi ọ̀rọ̀ gùn.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ABD. A ti kọjá ìyẹn. Ìwé Kìíní ti parí, Ìwé Kejì náà ti parí. Ohun tí ó kù ni kí a máa fi ìwé tí a mọ̀ ṣe iṣẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe gbé bátìrì ọkọ̀ wá sórí tábìlì yìí. Ẹ wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fọwọ́ kàn án o. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Tíṣà, kí ni bátìrì ní í ṣe pẹ̀lú ìwé kíkà?" Ó ní í ṣe púpọ̀. Ní Alímọ̀ṣọ́ wa yìí, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndó, ẹ wo iye ènìyàn tí ń fi ọkọ̀ jẹun. Ẹnì kan ń wa dánfó, ẹnì kan ń wa kòrópe, ẹlòmíràn ní ọkọ̀ kékeré tó fi ń kó ọjà láti Ìyànà Ìpájà. Bí bátìrì bá kú láago 5 òwúrọ̀, owó ọjọ́ náà ti bá a lọ. Ó dáa, gbogbo ara bátìrì ló kún fún ìwé. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, àmì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí kò lè kà á, ohun tí ọlọ́jà bá sọ ni yóò gbà. Ẹni tó lè kà á yóò bi ọlọ́jà léèrè, ọlọ́jà yóò sì mọ̀ pé ojú ẹni yìí ti là.

Kí ni bátìrì gan-an? Àpótí ọ̀rá líle ni. Ilé kékeré mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n to àwo pẹlẹbẹ tí a fi òjé ṣe, wọ́n sì da omi tí ásíìdì wà nínú rẹ̀ sí i. Ẹ mọ òjé, irin dúdú wúwo tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kí ó lè rì. Ilé kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi fóltì 2 wá. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀: 2 lọ́nà 6 jẹ́ mélòó? Ó jẹ́ 12. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí 12V lára bátìrì. V yẹn, fóltì ni. Ará Faransé kan tí ń jẹ́ Gaston Planté ló kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì olójé yìí ní ọdún 1859. Wọ́n ti tún un ṣe lóríṣiríṣi láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n òjé àti ásíìdì náà ló ṣì wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ bátìrì ni kí ó ti sítátà, kí sítátà yí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ́ńjìnnì jí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, ọ́tánétọ̀ yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́tánétọ̀ yìí ni yóò tún máa dá iná padà sínú bátìrì. Ẹ má gbàgbé ọ́tánétọ̀, a ó padà sórí rẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé bátìrì ti ń lọ sílé? Ó máa ń sọ fún wa ṣáájú. Bí ẹ bá ta kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á máa yí bí ẹni tó ń gun òkè, ún-ún-ún. Nígbà mìíràn kò ní yí rárá, ẹ ó kàn máa gbọ́ ká-ká-ká. Iná iwájú á ṣe bàìbàì. Ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé á hù sí orí bátìrì. Bí ikùn bátìrì bá wú síta bí ikùn ọmọ tí kò jẹun dáadáa, kò sí àtúnṣe mọ́.

Ooru ló ń pa bátìrì jù nílẹ̀ wa. Oòrùn ń pa á lókè, ẹ́ńjìnnì ń yan án nísàlẹ̀. Ẹ tún wá wo ọ̀nà wa. Ọkọ̀ dúró sójú kan lójú ọ̀nà Ìkọ̀tún sí Ìgàndó fún wákàtí kan, iná ń tàn, rédíò ń kọrin, fáànù ń fẹ́. Ẹ́ńjìnnì kò sáré tó láti san gbèsè iná tí à ń jẹ. Nítorí náà, bátìrì tó bá lo ọdún 2 sí 4 ní ìlú tó gbóná báyìí, ó ti gbìyànjú. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé tiẹ̀ ti lo ọdún 7, ẹ bá a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe òdiwọ̀n.

Ṣùgbọ́n kí a tó ná owó, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tó jalè. Ó lè má jẹ́ bátìrì. Ó lè jẹ́ tẹ́mínà, èyíinì ni irin tó di orí bátìrì mú, ni kò fún. Ó lè jẹ́ ọ́tánétọ̀ ni kò dá iná padà mọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ́tánétọ̀, bátìrì tuntun tí ẹ rà lónìí yóò kú lọ́la, ẹ ó sì máa bú ọlọ́jà lásán.

Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni mítà. Àwọn réwáyà ní in, àwọn tó ń ta bátìrì náà ní in. Ẹ wo nọ́ńbà tí ó bá gbé jáde, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kà á fún yín. Bí ọkọ̀ bá ti sinmi mọ́jú, bátìrì tó yó yóò gbé 12.6 tàbí kí ó lé díẹ̀ jáde. Ẹ kà á báyìí: méjìlá póìntì mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ 12.4, ó yó dé ìwọ̀n díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 12 géérégé, ebi ti ń pa á gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ ta ọkọ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ tún wo mítà. Ó yẹ kí ó wà láàárín 13.7 sí 14.7. Bí ó bá ṣì dúró sí 12 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọ́tánétọ̀ ni kí ẹ lọ bá.

Àwọn kan wà lójú títì tí wọn kì í lo mítà. Wọ́n á ní kí ẹ ta ọkọ̀, wọ́n á wá yọ tẹ́mínà kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á ní bí ẹ́ńjìnnì kò bá kú, ọ́tánétọ̀ dára. Ẹ má gbà fún wọn. Ní ayé àwọn ọkọ̀ àtijọ́, bóyá. Àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí ní kọ̀ǹpútà kéékèèké nínú. Bí ẹ bá yọ bátìrì báyẹn, iná lè fò sókè lójijì, kó jó wọn. Owó bátìrì ni ẹ fẹ́ fi pa mọ́, ẹ ó wá san owó tó jù ú lọ.

Nǹkan kan tún wà tó ń dùn mí. Bí bátìrì olómi bá ti rẹ̀, àwọn kan á lọ ra ásíìdì, wọ́n á dà á sí i. Bátìrì á ta kìjí fún ọjọ́ mélòó kan, ó tán. Ásíìdì tó pọ̀ jù ń jẹ àwo òjé inú rẹ̀ ni. Omi nìkan ló ń gbẹ nínú bátìrì, ásíìdì kì í gbẹ. Omi ni kí ẹ fi dípò omi, omi tí a sè tí a sì gba ooru rẹ̀, tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì fún bátìrì. Píọ́wọ́tà inú ọ̀rá kò dára fún un. Ó dára fún ẹnu wa, ṣùgbọ́n iyọ̀ ilẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí bátìrì kò fẹ́.

Ó dáa. A ti mọ̀ pé bátìrì ló kú lóòótọ́. A fẹ́ ra òmíràn. N kò ní dárúkọ iye owó, nítorí kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ yín, iye náà ti lè yí padà. Ṣùgbọ́n mo lè sọ ohun tí ẹ ó kà.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ da ohun tí ó wà lára bátìrì àtijọ́ kọ. Ẹ dà á kọ bí ẹ ṣe rí i, lẹ́tà lẹ́tà, nọ́ńbà nọ́ńbà. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wa wá láti Japan, nítorí náà ẹ ó máa rí irú ìwé báyìí lára bátìrì wọn: 55D23L. Ó dà bí ọ̀rọ̀ awo, àbí? Kì í ṣe awo. Ẹ jẹ́ kí a tú u. 55 ń sọ agbára rẹ̀. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó ni agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. D ń sọ bí ó ṣe fẹ̀ àti bí ó ṣe ga. 23 ni gígùn rẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 23. Lẹ́tà ìkẹyìn, L, ń sọ ẹ̀gbẹ́ tí orí rẹ̀ wà. Èkejì L ni R. Bí ti àtijọ́ bá jẹ́ L, L ni kí ẹ rà. Bí ó bá jẹ́ R, R ni. Bí ẹ bá gbé L sí ààyè R, wáyà lè má dé orí tí ó yẹ kó dé, tàbí kí ẹnì kan fi agbára fà á dé orí tí kò yẹ kó dé. Èyí kejì yìí burú jù, ó lè jó wáyà àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀.

Awakọ̀ kòrópe kan wà nínú kíláàsì wa ní Ìgàndó. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá kíláàsì, ó ra bátìrì kan tí ó ń dán bí àwo tuntun. Àwọ̀ rẹ̀ ló fi rà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kú. Nígbà tí réwáyà fi èékánná ha ara rẹ̀, ọ̀dà tuntun ni wọ́n kùn lé bátìrì àlòkù. Owó ọmọ iléèwé ni ọkùnrin yẹn fi rà á. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún fẹ́ ra òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí ó mú ìwé dání. Ọlọ́jà gbé bátìrì kan fún un, ó ní, "Ọ̀gá mi, irú ti ọkọ̀ yín nìyí." Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo ara bátìrì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tiyín parí sí R, tèmi parí sí L." Ọlọ́jà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ gbé èyí tó yẹ wá. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni o. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn náà fún kíláàsì, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́.

Lára bátìrì mìíràn, Ah ni ẹ ó rí, bíi 45Ah, 60Ah, 75Ah. Ẹ lè fi wé gálọ́ọ̀nù. Ó ń sọ bí iná tí inú rẹ̀ lè gbà ṣe pọ̀ tó. Ẹ má ra èyí tó kéré sí ti àtijọ́. Bí ó bá fi díẹ̀ jù ú lọ, tí ó sì gba ààyè rẹ̀, kò burú. Ẹ tún lè rí CCA pẹ̀lú nọ́ńbà ńlá kan. Agbára tí ó fi ń ti sítátà nínú òtútù yìnyín nìyẹn. A kò ní yìnyín ní Èkó, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi CCA gbowó gegere lọ́wọ́ yín. Kí ó ṣáà ti tó ti àtijọ́.

Ẹ fojú sọ́ra fún bátìrì ínfátà àti ti sólà. Lóde òní ó pọ̀ nílé wa nítorí ọ̀ràn iná mànàmáná. Òun náà jẹ́ 12V, òun náà ní òjé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Bátìrì ọkọ̀ dà bí asáré: ó ń lo gbogbo agbára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó sì jókòó. Ti ínfátà dà bí alágbàárù: ó ń ru díẹ̀díẹ̀ láti alẹ́ mọ́jú. Bí ẹ bá fi ti ọkọ̀ tan iná ilé lóru lóru títí yóò fi gbẹ, kò ní pẹ́ kú.

Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí ara rẹ̀. Ìkọ̀wé ilé-iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí náà kí ọlọ́jà fi hàn yín, kí ẹ sì kà á fúnra yín. Bátìrì tí ó ti pẹ́ lórí pẹpẹ nínú ooru ń kú lọ níbi tí ó jókòó sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì lò ó rí. Kí wọ́n fi mítà sí i. Bí kò bá tó 12.4, ẹ ní kí wọ́n gbé òmíràn wá. Ẹ wo orí méjèèjì: bí sípánà bá ti ha á, tàbí tí ibì kan ti fẹ́ẹ́rẹ́, àlòkù ni. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà á ní Ládípọ̀ àti káàkiri. N kò ní bú ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ti tuntun. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ bí ọjọ́ ayé tòkunbọ̀ ṣe kù. Ẹni tó bá ń ra méjì láàárín ọdún kan, kó jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa, kó wò ó bóyá tuntun kọ́ ló dínwó jù.

Ẹ gba rìsíìtì. Kí orúkọ ilé ìtajà wà lórí rẹ̀, kí ọjọ́ wà níbẹ̀, kí irú bátìrì náà wà níbẹ̀, kí oṣù tí wọ́n fi ṣe ìdúró fún un wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá fi ẹnu lásán sọ pé oṣù 12, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́." Ní Èkó, ọ́fíìsì ìjọba kan wà tí ń jẹ́ LASCOPA, iṣẹ́ wọn ni láti gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ọjà rírà bá pa lára. Rìsíìtì ni ẹ ó gbé lọ síwájú wọn. Kò sí ẹni tó lè gbé ọ̀rọ̀ ẹnu dání lọ sí ọ́fíìsì.

Nísisìyí, a ti gbé bátìrì tuntun délé. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀.

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ pa á, kí ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fi í sí àpò yín. Mo ní sí àpò o, kì í ṣe sórí àga. Nínú ọkọ̀ mìíràn, bí iná bá padà wá, ilẹ̀kùn á ti ara rẹ̀ pa, kọ́kọ́rọ́ á wà nínú ilé, ẹni tó ni í á wà níta. Ẹ bọ́ òrùka àti aago irin kúrò lọ́wọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ ká ẹ̀gbà ọrùn sí inú aṣọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ wọ awò ojú bí ẹ bá ní in. Ẹ gbé báàfù omi mímọ́ sí tòsí. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá níbẹ̀, kí a má sì tan fìtílà tàbí ábẹ́là láti fi wo inú bónẹ́ẹ̀tì. Bátìrì ń tú gáàsì kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì ń gba iná ju bẹntiróòlù lọ. Ó lè bú gbàmù, kí ó da ásíìdì sójú ènìyàn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni kí ẹ lò.

Ẹ wá wo orí bátìrì. Orí méjì ló ní. Àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ ti mọ̀ ọ́n láti inú ìwé ìṣirò. Ọ̀kan ni +, àmì àròpọ̀. Èkejì ni −, àmì àyọkúrò. Wáyà àròpọ̀ sábà máa ń pupa, ti àyọkúrò sábà máa ń dúdú, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tí ọwọ́ púpọ̀ ti kàn, wọ́n lè ti fi dúdú sí ibi pupa. Nítorí náà, àmì ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe àwọ̀.

Èwo la ó kọ́kọ́ yọ? Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́. Àyọkúrò ni a ń kọ́kọ́ yọ kúrò. Ẹ bá mi wí i. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dáa. Ìdí rẹ̀ nìyí. Gbogbo irin ara ọkọ̀ ni wọ́n so mọ́ àyọkúrò. Bí ẹ bá ń tú àròpọ̀ ṣáájú, tí ìdí sípánà bá ṣèèṣì kan ara ọkọ̀, iná á ta, sípánà á pọ́n, ọwọ́ á jó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti yọ àyọkúrò kúrò, iná kò rí ọ̀nà padà sílé mọ́.

Sípánà nọ́ńbà 10 ló sábà máa ń bá a mu. Ẹ yí i sí ọwọ́ òsì, á tú. Ẹ mi tẹ́mínà náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bọ́. Ẹ má fi òòlù lù ú. Ẹ fi àkísà wé e, kí ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó má baà padà kan orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tú àròpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tú irin tó dè bátìrì mọ́lẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbé e, kí ẹ tẹ orúnkún, ẹ má tẹ ẹ̀yìn. Ó wúwo, púpọ̀ nínú wọn tó kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e dúró gbọn-in, ẹ má dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí omi inú rẹ̀ má baà dà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí a bá gbé bátìrì sórí sìmẹ́ńtì, sìmẹ́ńtì á fa iná rẹ̀. Ó ní ìdí nígbà tí àpótí rẹ̀ jẹ́ igi àti rọ́bà. Ti òde òní, ọ̀rá líle ni, ẹ gbé e sílẹ̀ níbi tó bá wù yín.

Ìyẹ̀fun funfun tó hù sí tẹ́mínà, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Omi gbígbóná ni kí ẹ dà sí i, tàbí kí ẹ po sódà tí àwọn oníkéèkì ń lò mọ́ omi, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ. Sódà oníkéèkì ni mo wí o. Sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, iná ni ìyẹn fúnra rẹ̀, ó ń bó ènìyàn lára.

Ẹ gbé tuntun sí ààyè rẹ̀, kí + rẹ̀ dojú kọ wáyà +. Ẹ dè é mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí kòtò ọ̀nà wa kì í jẹ́ kí ohun tí a kò dè jókòó. Nísisìyí, àròpọ̀ ni a ń kọ́kọ́ so pọ̀. Àyọkúrò ló ń kẹ́yìn. Nígbà tí àyọkúrò bá kan orí rẹ̀, ẹ lè rí iná kékeré kan tó ṣẹ́jú. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ dè é sí ọwọ́ ọ̀tún títí ọwọ́ kò fi ní lè yí i mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fún un pa, òjé rọ̀, ó lè ya. Ẹ fi gírísì tàbí fásílìnì pa á lórí fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ta ọkọ̀. Aago inú ọkọ̀ á ti sọnù, rédíò á ti gbàgbé ibùdó tí ẹ ń gbọ́, ìyẹn kò tó nǹkan. Kí ẹ tó pa bónẹ́ẹ̀tì dé, ẹ fi bírò ńlá kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí ara bátìrì náà. Ìwé tiyín nìyẹn, kò sí ẹni tó lè fi bò yín lójú.

Bí ásíìdì bá ta sí ojú, ẹ má fi ọwọ́ ra á. Omi mímọ́ ni kí ẹ máa dà sí i, ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gba ilé ìwòsàn lọ. Bí ó bá jẹ́ ara ni, omi náà ni. Ẹ má fi epo pupa sí i.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tí bátìrì wọn wà lábẹ́ àga tàbí nínú búùtù, àti àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé tó ń pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ bí a bá dúró síbi iná ọ̀nà. Irú bátìrì ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún réwáyà tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì dúró tì í.

Ó ku bátìrì àtijọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù bátìrì ń kọjá ní àdúgbò lójoojúmọ́, owó sì wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a gba owó. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fọ́ ọ nílé, kí ẹ má da omi rẹ̀ sí gọ́tà, kí ẹ má sì yọ́ òjé rẹ̀ lórí ààrò tí ẹ fi ń se ọbẹ̀.

Ní Thiaroye-sur-Mer, ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Dakar ní orílẹ̀-èdè Senegal, àwọn ènìyàn ń fọ́ bátìrì lágbàlá, wọ́n ń sẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ láti ṣa òjé tà. Láàárín ìparí ọdún 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Òjé ló pa wọ́n. Ẹ má sọ pé Senegal jìnnà. Ògìjó wà níbí, lẹ́bàá Ìkòròdú, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé bátìrì wà níbẹ̀. Ní ọdún 2025, àwọn oníròyìn jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 70 wò níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará àdúgbò, ọmọdé àti àgbà. Nínú ẹ̀jẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ti rí òjé tó lè pa ènìyàn lára.

Òjé kì í ké, kì í rùn. Ọmọ kékeré á fi ọwọ́ kan ilẹ̀, á fi ọwọ́ sẹ́nu, ó tán. Ọpọlọ ni ó ń bá jà. Fún gbogbo ọdún tí mo fi wà nídìí iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mo rí àwọn ọmọ tí ojú wọn ń wo pátákó ṣùgbọ́n tí ohun tí a kọ síbẹ̀ kì í dúró sí wọn lórí. Olódo ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n. N kò mọ ohun tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n lónìí a mọ̀ pé òjé lè sọ ọmọ tó já fáfá di bẹ́ẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè dá ọpọlọ náà padà.

Nítorí náà, odidi ni kí bátìrì àtijọ́ kúrò nílé yín, bí ó ṣe wà, pẹ̀lú omi rẹ̀ nínú. Ẹ gbé e padà sí ilé ìtajà tí ẹ ti ra tuntun. Púpọ̀ nínú wọn á gbà á, wọ́n á sì yọ nǹkan lára owó tuntun fún yín, bí ẹ bá sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó. Títí ẹ ó fi gbé e lọ, ẹ gbé e sínú báàfù ọ̀rá níbi tí òjò kò dé, tí ọwọ́ ọmọdé kò sì tó. Ẹni tó bá gbé e, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó kan oúnjẹ, kí ó sì yà aṣọ tó wọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ àwọn ọmọ.

Ó ti tó báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú, sípánà nọ́ńbà 10 rèé, ìbọ̀wọ́ rèé. Kí ó máa bọ̀ wá síwájú, kí ó kọ́kọ́ ka ohun tó wà lára bátìrì yìí sókè kí gbogbo wa gbọ́.